Omidun la fi rẹ asúnwọ̀n òyìnbó: ṣé ewé ló ń pa bakitéríà ni, àbí omidun?

Akẹ́kọ̀ọ́ Láàbù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ pírójẹ́ẹ̀tì ọdún ìkẹyìn ló gbé mi wá.

Ewé asúnwọ̀n òyìnbó àti ewé efinrin ńlá ni à ń yẹ̀ wò, bóyá wọ́n lè dá bakitéríà dúró. Staphylococcus aureus àti Escherichia coli la fi ń dán wọn wò. Ọ̀nà mẹ́ta la gbà yọ oje wọn: omi lásán, ethanol (ògidì ọtí), àti omidun, torí omidun ni ọ̀pọ̀ alágbo ń lò. 50 g ewé gbígbẹ tí a ti lọ̀ la rẹ sínú 500 ml fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó lo ọjọ́ mẹ́ta lórí tábìlì, a fi aṣọ sẹ́ ẹ, a tún fi bébà ìsẹ́ sẹ́ ẹ. A dá ihò 6 mm sínú ágà Mueller-Hinton (oúnjẹ dídì tí à ń gbin bakitéríà sí), a sì rọ 100 µl sínú ihò kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí a rí nìyí; fífẹ̀ àyè mímọ́ tí bakitéríà kò ti hù yí ihò ká ni mm tí a kọ. Lórí S. aureus, asúnwọ̀n inú omidun fún wa ní 19 mm, ti inú omi lásán 12 mm, ti inú ethanol 13 mm. Efinrin inú omidun 18 mm, ti inú omi kò ṣe nǹkan kan, ti inú ethanol 9 mm. Lórí E. coli, omidun nìkan ló ṣiṣẹ́: 15 mm fún asúnwọ̀n, 15 mm fún efinrin. Omi dísítíìlì tí a fi ṣe àfiwé kò dá nǹkan kan dúró.

Ṣé a lè kọ ọ́ pé omidun ló ń fa èròjà inú ewé jáde jù? Kí ló dé tí efinrin, pẹ̀lú bí òórùn rẹ̀ ṣe le tó, kò ṣe bí a ṣe rò? Oòrùn la sá ewé méjèèjì sí kí wọ́n lè tètè gbẹ. Nǹkan kan tún kù: nínú àwo mẹ́fà, àyè mímọ́ inú méjì kò rí róbótó, ó fẹ̀ sí apá kan bí ẹni pé nǹkan dà síbẹ̀.

Alámọ̀jútó Láàbù

Ẹ má tíì kọ gbólóhùn yẹn o. Àfiwé yín kò bá ohun tí ẹ dán wò mu. Omi dísítíìlì ni àfiwé oje tí a fi omi yọ, kò lè ṣe àfiwé omidun. Omidun fúnra rẹ̀ máa ń dá bakitéríà dúró kí ewé kankan tó kan án. Àwọn bakitéríà tó ń mú ògì kan, Lactobacillus plantarum (tí wọ́n ń pè ní Lactiplantibacillus plantarum báyìí) pàápàá, ló ń sọ ṣúgà inú àgbàdo di lactic acid. Ìdí nìyẹn tí pH (ìwọ̀n kíkan: bó bá ṣe kéré tó ni kíkan ń pọ̀ tó) omidun tó ti kan dáadáa fi máa ń wà ní nǹkan bíi 3.5 sí 4. Bí pH bá lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, apá tó pọ̀ nínú ásíìdì náà ṣì wà lódindi, èyí tó wà lódindi yìí ló sì lè gba awọ ara bakitéríà kọjá wọnú rẹ̀.

Ẹ tún wo iye tí ẹ kọ sílẹ̀ yẹn. Ewé méjì tí kò bá ara wọn tan rárá fún yín ní 15 mm àti 15 mm lórí E. coli, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ṣe nǹkan kan fún E. coli náà nínú omi tàbí ethanol. Ohun kan ṣoṣo tó pa wọ́n pọ̀ ni omidun.

Àwọn àfiwé tí ẹ nílò nìyí. Ẹ bu omidun láti inú ìkòkò kan náà, ẹ má fi ewé sí i, ẹ jẹ́ kó jókòó ọjọ́ mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ní ewé. Ẹ wá pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì. Ẹ fi ìdajì sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ fi NaOH 1 M pa kíkan ìdajì kejì, ẹ máa kán an díẹ̀díẹ̀ títí pH yóò fi dé 7. Ẹ kọ iye NaOH tó wọ inú rẹ̀ sílẹ̀, torí ó ti bomi là á, kí ẹ sì fi omi dísítíìlì tó tó iye yẹn kún ìdajì tí ẹ kò pa kíkan rẹ̀. Bí àyè mímọ́ bá pòórá lẹ́yìn tí kíkan kú, ásíìdì ló ń ṣiṣẹ́. Bí díẹ̀ bá ṣẹ́ kù nínú èyí tó ní ewé, tí kò sì sí nínú èyí tí kò ní, ìyẹn ni ẹ lè kà sí ti ewé. Àwọn kan máa ń fi lactic acid sínú omi títí pH rẹ̀ yóò fi bá ti omidun dọ́gba, wọ́n á ní àfiwé nìyẹn. Kò tó. Omi méjì lè ní pH kan náà kí ásíìdì inú ọ̀kan pọ̀ ju ti èkejì lọ dáadáa.

Bákan náà, omidun tí ẹ rọ sínú ihò yẹn kún fún bakitéríà tó wà láàyè. Ṣúgà inú ewé á bọ́ wọn, wọ́n á sì máa ṣe ásíìdì lọ lórí àwo ní gbogbo òru. Ẹ fi sẹ́ntírífúùjì yí i ní 4000 rpm fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ gbé omi òkè gba asẹ́ 0.45 µm, lẹ́yìn náà 0.22 µm. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti orí 0.22, ìyẹ̀fun ògì yóò dí i ní kíá. Ẹ má gbé e sínú ọ́tókíléfù, torí 121 °C yóò lé ohun tó ń fẹ́ lọ jáde, á sì bá òmíràn jẹ́.

Ti omi lásán náà ní wàhálà tirẹ̀. Ewé àti omi lórí tábìlì fún ọjọ́ mẹ́ta nínú ooru wa yìí, yóò kan ni. Ẹ óò rí ìfóòfó lójú rẹ̀, òórùn rẹ̀ á yí padà, pH á wálẹ̀. 12 mm yín yẹn lè jẹ́ ti kíkan. Ẹ se 50 g nínú 500 ml fún ogún ìṣẹ́jú kí ẹ sì sẹ́ ẹ lọ́jọ́ náà, tàbí kí ẹ rẹ ẹ́ sínú fíríìjì ní 4 °C, kó má ju wákàtí 24 lọ.

Ní ti ethanol, ẹ kò sọ bóyá ẹ lé e kúrò. Bí ó bá ṣì wà nínú oje, 100 µl ethanol nìkan lè dá àyè mímọ́ kékeré sílẹ̀. Ẹ fi 70% ethanol rẹ ewé, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ lé ethanol kúrò ní ooru tí kò ju 40 °C lọ, kí ẹ wọn ohun tó gbẹ sílẹ̀. Bí 50 g ewé bá fún yín ní 4 g oje gbígbẹ, 8% nìyẹn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ẹ óò wá tú 100 mg nínú 1 ml DMSO, ohun olómi tí a fi ń tú oje gbígbẹ. Bó ṣe wà báyìí, ẹ kò mọ iye oje tó wà nínú 100 µl ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹ kò lè fi 19 wé 13.

Àyè mímọ́ tó wọ́ sí apá kan: oje ti ṣàn gba abẹ́ ágà. Irin tí ẹ fi ń dá ihò ló gbé etí ágà sókè nígbà tí ẹ yí i. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ tààrà, ẹ fa ágà inú rẹ̀ jáde, kí ẹ kán ágà yíyọ́ bíi 20 µl sí ìsàlẹ̀ ihò láti fi dí i. Ẹ tún wo tábìlì tí ẹ da ágà lé bóyá ó tẹ́jú. Àwo 90 mm ń gba nǹkan bíi 25 ml kó lè ga ní 4 mm. Èyí tó bá ga jù ń sọ àyè mímọ́ di kékeré, tinrín ń sọ ọ́ di ńlá.

Ẹ kò dárúkọ McFarland, ìdíwọ̀n dídú omi tí a fi ń mọ bí bakitéríà inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ìdíwọ̀n 0.5 ni kí ẹ lò: 0.5 ml BaCl₂ 1.175% pẹ̀lú 99.5 ml H₂SO₄ 1%. Ẹ mú bakitéríà tó hù mọ́jú, ẹ pò ó nínú omi iyọ̀ 0.85% títí dídú rẹ̀ yóò fi bá a mu, kí ẹ fi ọ̀pá olówùú pa á sójú ágà láàárín ìṣẹ́jú 15. Ẹ fi dísìkì gentamicin 10 µg (oògùn tó ń pa bakitéríà) sórí àwo kan ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣe é. Lórí E. coli ATCC 25922 (ATCC ni nọ́ńbà ẹ̀yà bakitéríà tí a fi ń ṣe òdiwọ̀n), ó gbọ́dọ̀ fún yín ní 19 sí 26 mm, lórí S. aureus ATCC 25923, 19 sí 27 mm. Bí ó bá bọ́ sí ìta ibẹ̀, ẹ má ka oje kankan lọ́jọ́ náà, ágà tàbí iye bakitéríà yín ló ní àbùkù.

Onímọ̀ Ewéko

Alámọ̀jútó ti sọ ti láàbù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ewé, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ púpọ̀ ti ń bàjẹ́ kí ó tó dé láàbù.

Asúnwọ̀n wo ni? Asúnwọ̀n òyìnbó ni Senna alata, ilẹ̀ Amẹ́ríkà olóoru ni wọ́n ti gbé e wá. Asúnwọ̀n ìbílẹ̀ ni Senna podocarpa. Àwọn méjèèjì ń yọ òdòdó yẹ́lò tó nàró, ọjà kan náà ni wọ́n sì ti ń tà wọ́n. Èso ni kí ẹ wò. Èso S. alata ní ìyẹ́ gígùn mẹ́rin láti òkè dé ìsàlẹ̀ (alata, «abìyẹ́» ni lédè Látìn), ti S. podocarpa pẹrẹsẹ, kò ní ìyẹ́. Ewé tí ẹ rà ní ọjà láìrí èso, ẹ kò lè fi ẹnu lásán búra fún un. Ẹ gé ẹ̀ka tó ní òdòdó tàbí èso, ẹ tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn, ẹ fi nǹkan wúwo tẹ̀ ẹ́, ẹ máa pààrọ̀ ìwé náà lójoojúmọ́ títí yóò fi gbẹ. Ẹ kọ ibi tí ẹ ti gé e àti ọjọ́ tí ẹ gé e, kí ẹ gbé e lọ sí ibi àkójọ ewéko, bíi FHI (Forest Herbarium Ibadan) ní Ìbàdàn tàbí ti Yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n bá fún un ni kí ẹ kọ sínú iṣẹ́ yín.

Efinrin wá ńkọ́? Oòrùn ni ẹ sá a sí. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ jù nínú efinrin ńlá, Ocimum gratissimum, ni òróró olóòórùn rẹ̀, thymol ló sì pọ̀ nínú òróró ọ̀pọ̀ èyí tó ń hù lọ́dọ̀ wa. Ó ń fẹ́ lọ ni. Òórùn tí ẹ ń gbọ́ nígbà tí ẹ ń sá a, tí ẹ tún gbọ́ nígbà tí ẹ ń lọ̀ ọ́, ohun tí ẹ fẹ́ dán wò ló ń jáde lọ yẹn. Ẹ sá a sí abẹ́ ibòji níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ má kó o jọ gègèrè. Ó tó lọ̀ nígbà tí igi ewé bá dá pẹ́kẹ́ láàárín ìka. Ẹ fọwọ́ rún díẹ̀, ẹ gbóòórùn rẹ̀: bí ó bá ń run bíi koríko gbígbẹ lásán, ẹ dà á nù, kí ẹ wá òmíràn.

Thymol kì í fẹ́ràn omi. Omi kò fà á jáde tó, ìwọ̀nba tó bá jáde kò sì lè rìn nínú ágà, torí omi ni ágà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ látòkè délẹ̀. Òdo tí ẹ rí nínú omi kò sọ pé efinrin kò ní agbára. Ó sọ pé ọ̀nà tí ẹ gbà kò bá a mu. Ohun tó dára jù ni kí ẹ fi ooru omi fa òróró jáde láti inú ewé tútù, 300 g ó kéré tán, fún wákàtí mẹ́ta nínú Clevenger, ohun èlò onígíláàsì tí a fi ń gba òróró ewé. Ẹ pò ó pọ̀ mọ́ Tween 80 tí kò ju 0.5% lọ kí ó lè bá omi lọ. Tween 80 nìkan gbọ́dọ̀ wà nínú àwọn àfiwé yín.

Ìyá Ẹlẹ́wẹ-ọmọ

Ọmọ mi, o ṣe dáadáa tí o fi omidun sí i, ọ̀pọ̀ wọn kì í fi sí i. Ṣùgbọ́n béèrè bí wọ́n ṣe ń lò ó kí o tó rẹ ẹ́.

Omidun orí ògì ọjọ́ kan kò dà bíi ti ọjọ́ mẹ́ta. Ti ọjọ́ mẹ́ta ló kan jù. Tí o bá ra omidun lọ́wọ́ ẹlẹ́kọ, bi í ní ọjọ́ tó sẹ́ ògì náà, kí o kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì ra èyí tó máa tó gbogbo iṣẹ́ rẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Àgbo tí a fi omidun rẹ, egbò àti èèpo igi ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá bu ún mu, wọ́n á tún fi omidun mìíràn lé e, ìyẹn ni pé ti ọjọ́ kìíní àti ti ọjọ́ karùn-ún nínú ìkòkò kan náà kì í ṣe ọ̀kan.

Asúnwọ̀n òyìnbó ní iṣẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí: làpálàpá, àti kí inú tó gbẹ lè rọ̀. Fún làpálàpá, ewé tútù ni wọ́n ń gún tí wọ́n fi ń pa ibẹ̀, kò sí omidun nínú rẹ̀. Ẹlòmíràn á fi káún díẹ̀ sí i, oje náà á sì pọ́n. Àwọn mìíràn ń fi ògógóró rẹ ẹ́. Wọ́n ní ewé ń jẹ́, oògùn kì í ṣàìjẹ́, èyí tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ni kò pé. Má lọ fi ewé gbígbẹ tí ẹnikẹ́ni kì í lò dán an wò, kí o wá kọ ọ́ sínú ìwé pé asúnwọ̀n kò jẹ́.

Alámọ̀jútó Láàbù

Ohun tí Ìyá sọ nípa káún yẹn ṣe pàtàkì. Àwọn èròjà bíi rhein, aloe-emodin àti chrysophanol wà nínú ewé asúnwọ̀n, wọ́n sì máa ń pọ́n nínú ohun tó ní káún tàbí ammonia, òun gan-an la fi ń dá wọn mọ̀ ní láàbù. Rhein ń yọ́ nínú omi káún ju nínú omi lásán lọ, nítorí náà káún ń fa nǹkan jáde lóòótọ́. Àmọ́ káún náà gbọ́dọ̀ ní àfiwé tirẹ̀, bí ògógóró ṣe gbọ́dọ̀ ní.

Bí làpálàpá bá ni iṣẹ́ tí wọ́n mọ ewé sí, fọ́ńgọ́ọ̀sì ló ń fà á, kì í ṣe bakitéríà. Ẹ bá olùkọ́ yín sọ ọ́, bóyá ẹ lè fi Candida albicans kún un, tàbí Trichophyton bí láàbù yín bá ní i. Ẹ ya oje ewé tútù sọ́tọ̀: ẹ gún 100 g, ẹ fún un, ẹ gbà á kọjá 0.22 µm, kí ẹ lò ó lọ́jọ́ náà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Láàbù

Ẹ ṣé gan-an sà, ẹ ṣé mà. A ti tún omidun ṣe. pH omidun láìsí ewé jẹ́ 3.6, èyí tó ní asúnwọ̀n 3.9. Omi lásán lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ti wálẹ̀ sí 4.7. Omidun tí kò ní ewé kankan fún wa ní 17 mm lórí S. aureus àti 15 mm lórí E. coli. Lẹ́yìn tí a pa kíkan wọn dé pH 7, omidun nìkan di òdo, efinrin di òdo, asúnwọ̀n ṣẹ́ ku 10 mm lórí S. aureus nìkan. Ṣé 10 mm tó láti sọ pé ewé ń ṣiṣẹ́? Olùkọ́ wa tún ní kí a ṣe MIC (ìwọ̀n oje tó kéré jù tó lè dá bakitéríà dúró), a ò sì ní ẹ̀rọ tó ń ka àwo oníhò 96.

Alámọ̀jútó Láàbù

Ihò nìkan jẹ́ 6 mm, nítorí náà 10 mm jẹ́ 2 mm péré lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó jẹ́ nǹkan, bí ó bá tún jáde nínú àwo mẹ́ta lọ́jọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Pé E. coli kò gbọ́ kò yani lẹ́nu. Awọ òde rẹ̀ kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èròjà ewé wọlé, èyí tó bá sì wọlé, ó ń tú u jáde. Àmọ́ ìwọ̀n àyè mímọ́ kò lè sọ bí oje ṣe lágbára tó. MIC ló máa sọ ọ́, ẹ kò sì nílò ẹ̀rọ kankan láti kà á.

Nínú oje ethanol tó gbẹ tí ẹ tú sínú DMSO ní 100 mg/ml, ẹ mú 20 µl, ẹ fi sínú 980 µl ọbẹ̀ Mueller-Hinton (oúnjẹ bakitéríà tó jẹ́ olómi). 2 mg/ml nìyẹn, DMSO 2%. Ẹ rọ 200 µl rẹ̀ sínú ihò kìíní. Ẹ fi 100 µl ọbẹ̀ lásán sínú ihò kejì títí dé ìkẹwàá. Ẹ gbé 100 µl láti ìkíní sí ìkejì, ẹ pò ó, ẹ gbé 100 µl láti ìkejì sí ìkẹta, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ dé ìkẹwàá, kí ẹ da 100 µl tó gbẹ̀yìn nù. Ẹ pààrọ̀ ẹnu pípẹ́ẹ̀tì ní gbogbo ìgbésẹ̀. Bí ẹ bá fi ẹnu kan ṣe gbogbo rẹ̀, oje tó lẹ̀ mọ́ ọn lára yóò máa bá a wọ àwọn ihò ìkẹyìn, MIC yín á sì dà bí ohun tó kéré ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ mú 0.1 ml bakitéríà tó bá McFarland 0.5 mu, ẹ fi ọbẹ̀ kún un dé 15 ml, ó di nǹkan bíi 10⁶ nínú ml kan. Ẹ fi 100 µl rẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ihò kìíní ti di 1000 µg/ml pẹ̀lú DMSO 1%, ìkejì 500, ìkẹta 250, ó ń bọ̀ wálẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ihò kọkànlá ni ti bakitéríà pẹ̀lú DMSO 1% láìsí oje. Ìkejìlá, ọbẹ̀ nìkan. Kí ẹ mọ̀ pé iye bakitéríà yín pé, ẹ mú 10 µl láti inú ihò kọkànlá lójú ẹsẹ̀, ẹ pò ó mọ́ 10 ml omi iyọ̀, ẹ tan 100 µl sórí ágà. Nǹkan bí 50 ló yẹ kó hù lọ́jọ́ kejì. Bí ó bá jẹ́ 300 ló hù, bakitéríà ti pọ̀ jù, oje yóò sì dà bí ẹni pé kò lágbára.

Lẹ́yìn wákàtí 18 ní 35 °C, oje asúnwọ̀n á ti sọ ọbẹ̀ di aláwọ̀ ilẹ̀ tí ẹ kò fi ní mọ èyí tó dú àti èyí tó mọ́. INT, èròjà tí bakitéríà alààyè ń sọ di pupa, ni kí ẹ lò bí onímọ̀ kan, Eloff, ṣe lò ó ní 1998: 40 µl láti inú 0.2 mg/ml sínú ihò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ dá a padà sí 37 °C fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ibi tí bakitéríà bá ti wà láàyè á pọ́n. Ìwọ̀n oje inú ihò tí oje rẹ̀ kéré jù lọ nínú àwọn tí kò pọ́n ni MIC. Ẹ ṣọ́ra o: àwọn èròjà ewé kan lè mú INT pọ́n láìsí bakitéríà, gúáfà àti ohun mìíràn tó bá kún fún tánìnì pàápàá. Nítorí náà, ẹ tún ṣe ìlà kan tó ní oje àti ọbẹ̀ láìsí bakitéríà. Bí ìlà yẹn bá pọ́n, ẹ má fi àwọ̀ kà á. Ẹ mú 10 µl láti inú ihò kọ̀ọ̀kan kán sórí ágà, kí ẹ wo èyí tó hù.

Àwọn onímọ̀ méjì, Ríos àti Recio, kọ ọ́ ní 2005 pé kí a má ka oje tí MIC rẹ̀ ju 1 mg/ml lọ sí ohun tó ń ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ yín láti 1000 µg/ml. Èyí tó bá wà ní 100 µg/ml tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ẹ lépa rẹ̀ síwájú. Bí ihò kìíní pàápàá bá pọ́n, ẹ kọ ọ́ pé ó ju 1000 lọ, kí ẹ má lọ gbé oje sókè sí 50 mg/ml kí ó lè dà bí ẹni pé ó ṣiṣẹ́.

Onímọ̀ Ewéko

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù, lórí efinrin. Òróró rẹ̀ ń fẹ́ láti ihò kan bọ́ sí èkejì lórí àwo oníhò 96, á sì dá bakitéríà tó wà nínú ihò kọkànlá dúró, ẹ óò wá rò pé DMSO ló ṣe é. Ẹ fún efinrin ní àwo tirẹ̀, ẹ fo ìlà kan láàárín òróró àti àfiwé, kí ẹ sì fi nílọ́ọ̀nù alẹ̀mọ́ bò ó pinpin kí ẹ tó gbé e sínú ìnkúbétọ̀.